Gbogbo ojú tó pọ́n kọ́ ni Àpólò

Ọ̀rọ̀ ojú ló gba orí tábìlì wa lọ́sẹ̀ yìí. Lẹ́tà mẹ́ta ló wọlé láti Ṣàngótẹ̀dó nìkan. Ìyá kan tó ń ta ata àti tòmátì kọ̀wé pé ojú òun méjèèjì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó ti ran àwọn ọmọ òun, ó ti ran ẹni tí àwọn jọ pín ìsọ̀, àwọn aládùúgbò sì ní kí òun máa fi ìtọ̀ àárọ̀ fọ̀ ọ́. Wẹ́dà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá títì Ẹ̀pẹ́ ní lóru ni ojú máa ń ta òun bí ẹni pé wọ́n da iyanrìn àti ata sí i, ó wá bi wá pé ṣé Àpólò ti wẹ́dà náà wà ni. Ẹni kẹta, télọ̀ ni, ìyá ẹni ọdún 44. Ó ní òun kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, pé òun ti ń kán oògùn tí wọ́n fi wo Àpólò ọmọ òun sójú láti oṣù mẹ́ta, kò sì gbọ́.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Àpólò ni wọ́n fẹ́ wò. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló sì jọ pé ó ní Àpólò. Ìdí tí mo fi ní ká jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Bí a bá ń pe gbogbo àìsàn ojú ní orúkọ kan, oògùn kan náà la ó máa rà fún gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ ni ojú ẹlòmíì ti ń bá a lọ.

Èmi kì í ṣe dókítà o. Ìwé mẹ́wàá ni mo ní, ẹ̀yin tí ẹ tó bí mi lọ́mọ ni mo sì ń kọ̀wé sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò ó pé ọmọdé ń kọ́ àgbà. Ohun tí àwọn dókítà ojú fẹnu kò lé lórí ni mo gbé wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú Àpólò fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń pe orúkọ yẹn ni kò mọ ibi tó ti wá. Ní oṣù keje ọdún 1969 ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Apollo 11 gbé èèyàn lọ sí orí òṣùpá. Neil Armstrong àti Buzz Aldrin ló fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀, ẹnì kẹta wọn, Michael Collins, ń fi ọkọ̀ yí òṣùpá po lókè. Ọ̀rọ̀ náà gba gbogbo rédíò kan. Ọdún yẹn gan-an ni àìsàn ojú kan bẹ́ sílẹ̀ ní Accra, lórílẹ̀-èdè Ghana. Ojú á ṣàdédé pọ́n, ìpéǹpéjú á wú, ẹ̀jẹ̀ á tú sí funfun ojú, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti mú gbogbo ará ilé. Ó tan dé àwọn orílẹ̀-èdè tó yí Ghana ká, ó dé ọ̀dọ̀ wa ní Nàìjíríà, nígbà tó yá, ó dé Éṣíà. Àwọn èèyàn wò ó pé ìgbà tí wọ́n lọ sí òṣùpá ni èyí dé, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Àpólò. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé eruku òṣùpá ni wọ́n kó bọ̀. Kò sí ohun tó kan òṣùpá níbẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ni, àwọn onímọ̀ rí i lẹ́yìn náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní enterovirus 70. Àwọn fáírọ́ọ̀sì mìíràn náà wà tó ń fa ojú pípọ́n bẹ́ẹ̀, orúkọ kan náà la fi ń pe gbogbo wọn.

Ìyá aláta, ẹ gbọ́ èyí: wíwo ojú ẹni tó ní Àpólò kọ́ ló ń kó o ran èèyàn. Mo mọ̀ pé àwọn kan á bá mi jà lórí èyí. Jígí dúdú tí wọ́n ń wọ̀ káàkiri ọjà kò dáàbò bo oníbàárà kankan, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń ta aláìsàn lójú nìkan ló ń dín kù. Ọwọ́ ló ń gbé e. Ẹni tó ní in á fọwọ́ nu ojú, á fi ọwọ́ kan náà ka ṣéńjì, oníbàárà á gba náírà, á fi ọwọ́ tirẹ̀ ra ojú, ó parí. Aṣọ ìnura kan tí gbogbo ilé ń lò, ìrọ̀rí kan tí ọmọ mẹ́ta ń sùn lé, tìróò kan tí ìyá àti ọmọ jọ ń lé, bákan náà ni. (Tìróò yẹn, mo ṣì máa kọ nípa rẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n ti yẹ irú rẹ̀ wò, wọ́n bá òjé púpọ̀ nínú rẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ má lé e fún ọmọ ìkókó.)

Àpólò gidi á lo bí ọ̀sẹ̀ kan, nígbà mìíràn méjì, á sì lọ fúnra rẹ̀. Kò sí oògùn kẹ́míìsì tó ń pa fáírọ́ọ̀sì rẹ̀. Ẹ fi omi mímọ́ fọ ipin kúrò, ẹ rẹ aṣọ mímọ́ sínú omi tútù, ẹ gbé e lé ojú tí ẹ bá di í, kó lè tu yín lára. Ẹ máa fi ọṣẹ fọwọ́ lemọ́lemọ́. Kí aláìsàn ní aṣọ ìnura tirẹ̀. Kí ọmọ jókòó sílé, kó má lọ kó o ran gbogbo kíláàsì. Ẹ̀yin fúnra yín, bí ẹ bá lè fi ọjà sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ pé tòmátì kì í dúró de aláìsàn. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ gbé ike omi àti ọṣẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀, kí ẹlòmíì tí ojú rẹ̀ dá máa gba owó.

Ìtọ̀ ńkọ́? Ẹ má ṣe é, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó tọ ìtọ̀ yẹn lè ní àtọ̀sí lára kó má mọ̀. Kòkòrò àtọ̀sí bá inú ìtọ̀ wọ ojú, ó lè jẹ ẹyinjú lu láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ohun kan náà ló máa ń ṣe ọmọ tuntun tí ìyá rẹ̀ bá ní in nígbà tó ń rọbí. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan tí ojú rẹ̀ wú, tó ń ṣe ọyún, ẹ má pe tirẹ̀ ní Àpólò, ẹ má fún omi ọyàn sí i, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e dé ọsibítù. Omi ṣúgà, omi ewé, òróró tí wọ́n gbàdúrà sí, ọ̀rọ̀ kan náà ni. N kò ní kí ẹ má gbàdúrà. Ẹ gbà á sétí Ọlọ́run, ẹ má dà á sójú ni mo wí.

Ó yá, wẹ́dà wa. Ẹ̀gbọ́n, tiyín kì í ṣe Àpólò. Iná tó ń bùyẹ̀rì nídìí irin yẹn ló jó ojú yín. Ó ń jó awọ tó bo dúdú ojú bí oòrùn ṣe ń jó èèyàn lára, àmọ́ kì í ta èèyàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wákàtí mẹ́fà, nígbà mìíràn méjìlá, ló máa ń kọjá kó tó bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òru ni ẹ máa ń jí sí i. Ó sábà máa ń san láàrin ọjọ́ kan sí méjì tí ẹ bá fi iná sílẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń fi ojú rẹ̀ dógò. Jígí dúdú tí wọ́n ń tà kiri kò tó fún iṣẹ́ yín. Ìbòjú wẹ́dà gan-an, èyí tó ní gíláàsì tí wọ́n ṣe fún iná bẹ́ẹ̀, ni kí ẹ rà. Kí ẹ sì ra ti ọmọ iṣẹ́ tó ń bá yín di irin mú, torí òun náà ń wo iná. Ẹ gbé pákó tàbí páànù dí ìdí iṣẹ́ yín, kí àwọn ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀ má dúró máa wò ó bí ẹni ń wo sinimá.

Ohun tó tún burú ju iná lọ ni èérún irin. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin tàbí tó ń lọ̀ ọ́, èérún kékeré lè ta sí dúdú ojú rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe: ẹnì kan á fi orí ìṣáná tàbí ìgbálẹ̀ wú u jáde, ẹlòmíì á fi ahọ́n lá a. Nígbà tó bá di ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta, àmì funfun kan á yọ lórí dúdú ojú, ojú á máa ro ó, kò ní lè wo ìmọ́lẹ̀. Egbò ojú nìyẹn. Ẹni tó bá rí àmì funfun yẹn kò gbọ́dọ̀ sùn ti í. Bó bá san tán pàápàá, àpá rẹ̀ lè dí ìríran pa. Jígí aláìláwọ̀ tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú wà tí wọ́n fi ń gé irin, owó rẹ̀ kò tó owó epo jẹnẹrétọ̀ ọjọ́ kan.

Ẹ̀yin bíríkìlà, mo rántí yín. Ilé tí wọ́n ń kọ́ láti Àjáh dé Ṣàngótẹ̀dó kò lóǹkà, bẹ́ẹ̀ ni sìmẹ́ńtì ṣe ń ta sójú. Sìmẹ́ńtì tútù ń jó ojú bí ásíìdì bátìrì, kódà ó máa ń wọlé jinlẹ̀ jù ú lọ. Bó bá ta sí i, ẹ má wá jígí, ẹ má pe ẹnikẹ́ni wá fẹ́ atẹ́gùn sí i. Omi ni. Ẹ la ojú sílẹ̀, kí wọ́n máa da omi mímọ́ sí i fún odindi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù. Omi inú pọ́ọ̀wọ́tà tó wà nítòsí sàn ju oògùn tó wà lọ́nà jíjìn lọ.

Mo fi ti télọ̀ wa kẹ́yìn nítorí pé òun lẹ̀rù rẹ̀ bà mí jù, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ni kò sọ pé ojú ń dun òun.

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú lẹ́tà yín, màámi. Àkọ́kọ́, ihò abẹ́rẹ́. Èèyàn bá ti ń lọ sí bí ogójì ọdún, jígí tí Ọlọ́run fi sínú ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í le, kò ní lè ṣẹ́ra mọ́ láti wo ohun tó sún mọ́ni. Ẹ ó rí i pé bí ẹ bá na abẹ́rẹ́ sọ́nà jíjìn díẹ̀, ẹ ó rí i. Kì í ṣe àìsàn, kò sí oògùn tí ẹ máa kán sí i, jígí ìkàwé ló ń fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ l'Ékòó á rántí Jígí Bọ́lá, nígbà tí Bọ́lá Tinúbú jẹ́ gómìnà láti 1999 sí 2007, tí wọ́n ń yẹ ojú wò lọ́fẹ̀ẹ́ tí wọ́n sì ń fún èèyàn ní jígí. Ìṣòro tiyín yìí wà lára ohun tí wọ́n ń yanjú. Èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́ bíríìjì Àjáh náà lè jẹ́ kí ẹ rí abẹ́rẹ́, n kò ní í bu ẹnu àtẹ́ lu ẹni tó rà á. Àmọ́ ẹni tó ta jígí fún yín kò yẹ inú ojú yín wò.

Èkejì ni oògùn. Ẹ̀yin kò kọ orúkọ rẹ̀ sínú lẹ́tà, ṣùgbọ́n ẹ ní láàrin wákàtí díẹ̀ ló mú kí ojú ọmọ yín funfun báláú. Irú èyí tó ń ṣiṣẹ́ kíákíá bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí dexamethasone tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ yí ìgò náà padà, ẹ ka ara rẹ̀, tàbí kí ẹ ní kí ọmọ kà á. Oògùn dáadáa ni lọ́wọ́ dókítà. Lọ́wọ́ ẹni tó kàn ń rà á, ó ń bo iná mọ́lẹ̀ ni, kì í pa á. Bí ó bá jẹ́ egbò ló wà lójú, á jẹ́ kí egbò náà jinlẹ̀ sí i. Ẹni tó bá sì ń kán an fún oṣù mélòó kan, ó lè fún un ní glaucoma, ó lè fún un ní cataract. Màámi, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ mú ìgò yẹn dání lọ bá dókítà ojú, kí ó wọn agbára inú ojú yín.

Kí ni glaucoma yìí? Ẹ̀yin ará Ṣàngótẹ̀dó, gọ́tà ni mo máa fi ṣàlàyé rẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n ju èmi lọ. Omi kan wà nínú ẹyinjú, kì í ṣe omijé. Ó ń sun wọlé, ó ń gba gọ́tà kékeré kan jáde. Bí gọ́tà yẹn bá dí, tàbí tí kò gba omi dáadáa mọ́, omi á máa kún, agbára á máa ga nínú ẹyinjú, á máa tẹ iṣan tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ fún ọpọlọ. Iṣan náà á máa kú díẹ̀díẹ̀. Kò dun èèyàn. Ojú kò pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìríran, ààrin á ṣì mọ́lẹ̀ kedere, ẹni náà á ṣì máa ka owó, á máa dá àwọn oníbàárà mọ̀. Ohun tí ẹ ó rí ni pé ó ń fẹsẹ̀ kọ lu àga, ó ń fi èjìká gbá èèyàn lọ́jà, ọ̀kadà ń yọ sí i lójijì láti ẹ̀gbẹ́. Wọ́n á ní kò ṣọ́ra rìn. Kó tó mọ̀, ihò kékeré kan ló kù tó fi ń wo ayé, èyí tó sì ti lọ, kò sí iṣẹ́ abẹ, kò sí oògùn, kò sí agbo tó lè dá a padà.

Àwa aláwọ̀ dúdú ló ń tètè mú jù, ó sì ń le lára wa ju ti òyìnbó lọ. Ó máa ń rìn nínú ẹbí. Ẹni tí bàbá tàbí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọ́jú tí wọ́n ní ayé ló ṣe é, kó lọ yẹ ojú tirẹ̀ wò, kó má dúró de ogójì ọdún. Bí wọ́n bá tètè rí i, oògùn ojú tí èèyàn á máa kán lójoojúmọ́ títí ayé, tàbí iṣẹ́ abẹ, lè mú un dúró síbi tó dé. Mo mọ̀ pé kíkán oògùn lójoojúmọ́ fún ohun tí kò dunni máa ń sú èèyàn, owó rẹ̀ náà kò rọrùn. Àmọ́ ẹni tó fi í sílẹ̀ nítorí pé "ojú mi ti dá" kò mọ̀ pé kò fìgbà kan dùn ún tẹ́lẹ̀. Kí ẹni tó ní asthma tètè sọ fún dókítà o, torí àwọn kan nínú oògùn yẹn lè mú mímí nira fún un.

Láàrin 2005 sí 2007, wọ́n rin gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n yẹ ojú àwọn tó ti pé 40 ọdún sókè wò. Nínú 100 ẹni, ó lé ní 4 tó ti fọ́jú. Nínú 100 afọ́jú bẹ́ẹ̀, cataract ló mú nǹkan bí 43, glaucoma mú bí 16. Nínú àwọn tó ní glaucoma, tí ẹ bá kó 100 wọn jọ, àwọn tó mọ̀ pé àwọn ní in kò pé 10. Èyí tó sì dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ó lé ní 80 nínú 100 àwọn afọ́jú yẹn tó jẹ́ pé ohun tó ṣeé dènà tàbí tó ṣeé wò ló fọ́ ojú wọn.

Cataract yẹn, òun ni èyí tó ṣeé wò jù. Ẹ mọ bí omi ẹyin adìyẹ ṣe ń mọ́ gaara, tí a bá sè é á funfun, kò ní ṣeé wò kọjá mọ́. Bí jígí inú ojú ṣe máa ń rí nìyẹn tí ọjọ́ orí, ìtọ̀ ṣúgà tàbí ìfarapa bá bà á jẹ́. Dókítà á yọ ọ́, á fi èyí tí wọ́n fi ike ṣe rọ́pò rẹ̀, iṣẹ́ tí kì í sábà gbà tó wákàtí kan, ọ̀pọ̀ kì í sùn sí ọsibítù. Àwọn kan wà tó ń rìn kiri pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí wọ́n ní àwọn lè ṣí ojú láìgé e. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ti jígí tó funfun yẹn ṣubú sẹ́yìn ojú. Èèyàn á ríran díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìdílé á jó, oníṣẹ́ á gba owó, á kúrò ládùúgbò. Lẹ́yìn náà ni ojú á wá di ẹ̀yún, tàbí kí glaucoma wọ̀ ọ́. Nínú àyẹ̀wò tí mo wí yẹn, nínú gbogbo ojú tí wọ́n ti ṣe nǹkan sí nítorí cataract, ó lé ní 40 nínú 100 tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ yìí ni wọ́n fi ti í.

Ibo ni kí ẹ lọ? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn alábọ́dé ìjọba tó wà nítòsí yín, wọ́n á kọ̀wé fún yín lọ sí ọsibítù jẹ́nẹ́rà. Èyí tó bá le, ibùdó ojú tí wọ́n ń pè ní Guinness Eye Centre wà ní LUTH, Ìdí-Àràbà. Láti Ṣàngótẹ̀dó, ó jìn, gosiló sì wà lọ́nà, ẹ tètè jí. Ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ nínú ìlera Èkó, kó béèrè ohun tí ètò náà ń san nínú ìtọ́jú ojú kó tó ná owó tirẹ̀. Lóṣù kẹta ọdún, ọ̀sẹ̀ glaucoma àgbáyé máa ń wà, Ọjọ́bọ̀ kejì nínú oṣù kẹwàá sì ni àyájọ́ ìríran. Nígbà bẹ́ẹ̀, àwọn ọsibítù àti ẹgbẹ́ dókítà sábà máa ń yẹ ojú wò lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ìyálọ́jà tẹ́tí sílẹ̀, kó bá wa kéde rẹ̀ lọ́jà.

Ìyá aláta, ẹ tún wo ara yín o. Bí ojú kan ṣoṣo bá pọ́n, tó ń ro ó gan-an, tí ìríran ṣókùnkùn, tí ẹ ń rí òṣùmàrè yí iná ká, tí orí ń fọ́ yín tí ẹ sì ń bì, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ kan tí mo sọ fún Àpólò. Ọsibítù ni lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lẹ́tà lórí ìtọ̀ ṣúgà ti pọ̀ nílẹ̀, òun la máa gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ ọ́ gbòòrògbò kó hàn ketekete, kó sì sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún wa.